Fífọ Ọ̀nà Omi Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Akẹ́rù Onídísẹ́ẹ̀lì

Fífọ ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ tí mẹkáníìkì fi ń tú omi ìtutù tó ti gbó kúrò nínú ọkọ̀, tí yóò ṣan ìpẹtà, èérí àti ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ dànù, kí ó tó rọ tuntun sí i. Kì í ṣe rédíétọ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà kàn. Omi yìí ń gba inú búlọ́ọ̀kù, orí ẹ́ńjìnnì, páǹpù omi, thermostat, họ́ọ̀sì àti ọ́ìlì kúlà kọjá. Nínú tírélà ńlá, ó máa ń tó lítà 40 sí 60. Ibi tí omi bá gbà, ìdọ̀tí náà ń gbà á.

Nínú gbogbo ooru tí dísẹ́ẹ̀lì ń mú jáde bó ṣe ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ni omi ìtutù ń gbé kúrò. Bó bá jẹ́ omi kànga tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ sí i, èròjà bíi calcium àti magnesium inú rẹ̀ yóò gan mọ́ ibi tó gbóná jù, yóò di èépá funfun tí kì í rọrùn fún ooru láti là kọjá. Kúláǹtì gidi, ìyẹn omi ìtutù tó yẹ ọkọ̀, jẹ́ àdàlù omi àti ethylene glycol, pẹ̀lú àwọn oògùn tó ń dènà ìpẹtà. Àwọn oògùn yìí máa ń tán. Glycol fúnra rẹ̀ a máa kan bó bá pẹ́ nínú ooru, tó bá sì ti kan, irin tó yẹ kó dáàbò bò gan-an ló ń jẹ.

“Ilẹ̀ tiwa kì í di yìnyín, kí la fẹ́ fi kúláǹtì ṣe?” Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu awakọ̀ àti mẹkáníìkì ní Nàìjíríà, ó sì ti ba ẹ́ńjìnnì púpọ̀ jẹ́. Lóòótọ́, nítorí òtútù ni ethylene glycol ṣe gbilẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1920. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdérí rédíétọ̀ oní-15 psi, àdàlù ìdajì-ìdajì kì í hó títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 129°C, nígbà tí omi lásán yóò ti hó ní nǹkan bí 121°C.

Híhó kọ́ ló tilẹ̀ burú jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, inú omi gan-an ni ẹ̀yìn sílíìfù wà, ìyẹn páìpù irin tí písítọ́ọ̀nù ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá gbaná, písítọ́ọ̀nù a gbá sílíìfù lẹ́gbẹ̀ẹ́, sílíìfù a gbọ̀n rìrì, omi ẹ̀yìn rẹ̀ a sì já kúrò lára irin fún ìgbà díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ìfòfó kéékèèké a yọ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti wó, wọn a ta irin náà. Ojú kan náà ni wọ́n ń ta láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá yọ irú sílíìfù bẹ́ẹ̀ síta, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ a kún fún ihò wẹ́wẹ́, ìyókù a sì máa dán. Tí ọ̀kan nínú ihò náà bá ti já sí òdìkejì, omi ti ráyè wọ inú ọ́ìlì nìyẹn, ọ́ìlì á sì funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Oògùn bíi nitrite àti molybdate inú kúláǹtì ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo sílíìfù, kí ìfòfó má baà rí irin jẹ. Kò sí irú rẹ̀ nínú omi kànga. Ọkọ̀ lè má gbóná lójú ọ̀nà rí kí sílíìfù rẹ̀ ti lu.

Àṣà yíyọ thermostat, fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún omi tó bá gbóná, sọ nù náà kò dára. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, nǹkan bí 82°C ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, dísẹ́ẹ̀lì kò ní jó tán, èéfín á pọ̀. Nínú àwọn mìíràn, thermostat yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀, nítorí náà yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kí ọkọ̀ má baà gbóná ló tún ń mú un gbóná.

Bí iṣẹ́ fífọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí, torí omi gbígbóná tí ìdérí tì mọ́lẹ̀ lè tú bo ojú ẹni. Wọn a ṣí ẹnu ìdàmi ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, wọn a sì tú nọ́ọ̀tì ara búlọ́ọ̀kù. Nọ́ọ̀tì kejì yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í tú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹrẹ̀ ìpẹtà ń rọ̀ sí. Nígbà mìíràn nọ́ọ̀tì á jáde, omi kò ní tẹ̀lé e. Àfi kí wọ́n fi wáyà tọ́ ihò náà kí omi pupa tó ya jáde.

Omi tó jáde yẹn ń sọ̀rọ̀. Bó bá pupa, ìpẹtà ni. Bí ọ́ìlì bá léfòó lórí rẹ̀, ọ́ìlì kúlà tàbí top gasket ti fọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí wọ́n tó fọ ohunkóhun. Oògùn tó ní kíkan fẹ́ẹ́rẹ́, bíi citric acid, ni wọ́n fi ń ká ìpẹtà àti èépá; ọṣẹ tí kì í hó ni ti ọ́ìlì. Ásíìdì bátìrì àti sódà líle máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù, wọn kò yẹ níbẹ̀ rárá. Wọn a tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú oògùn náà títí thermostat yóò fi ṣí, wọn a jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó dà á, nítorí omi tútù lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè sán orí ẹ́ńjìnnì. Omi mímọ́ ló kàn, léraléra, títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara.

Ẹ́ńjìnnì Power Stroke 6.0, tí Navistar ṣe fún àwọn ọkọ̀ Super Duty ti Ford láti 2003 sí 2007, fi hàn bí ìdọ̀tí díẹ̀ ṣe lè ba nǹkan ńlá jẹ́. Iyanrìn tó ṣẹ́kù nínú búlọ́ọ̀kù látìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́ a máa dí ojú ọ̀nà tóóró inú ọ́ìlì kúlà. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń lọ sí kúlà EGR, èyí tó ń mú èéfín tó ń padà sínú ẹ́ńjìnnì tutù. Bí omi kò bá dé ọ̀hún, kúlà EGR a sán. Àwọn tó ni ọkọ̀ náà máa ń fi ooru ọ́ìlì wé ti omi lójú ọ̀nà tó tẹ́jú: bí àlàfo àárín méjèèjì bá ju nǹkan bí 8°C lọ, ọ́ìlì kúlà ti ń dí. Wọn a fọ ọ̀nà omi kí wọ́n tó fi kúlà tuntun sí i, nítorí ìdọ̀tí tó bá tú lẹ́yìn náà, inú tuntun ni yóò lọ dí.

Omi tí wọ́n dà kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Ethylene glycol máa ń dùn lẹ́nu, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́; ajá àti ọmọdé lè lá a kí wọ́n sì kú. Ìbátan rẹ̀, diethylene glycol, ló wọ inú oògùn eyín ọmọdé tó pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ló yẹ kí omi tí wọ́n dà náà wà.

Tó bá kan rírọ tuntun, kúláǹtì ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ti àtijọ́ kì í ṣe ohun tí à ń pò pọ̀, àwọ̀ kò sì tó fi dá wọn mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù ló yẹ kí á kà. Omi tí kò ní èròjà, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì láìní ásíìdì, ló yẹ kí wọ́n fi pò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú orí ẹ́ńjìnnì. Síbẹ̀ díẹ̀ a máa fara pamọ́, torí náà omi lè lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Wọn a bù kún un láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bó bá tún lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ń jò níbì kan.