Kálísíọ́ọ̀mù, Ońṣẹ́ Inú Ewéko

Èròjà tó ń mú egungun àti eyín wa le náà ni ewéko fi ń ránṣẹ́ nínú ara rẹ̀ nígbà tí ohun abẹ̀mí mìíràn bá kàn án, bá jẹ ẹ́, tàbí bá fẹ́ bá a gbé. Kálísíọ́ọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì kì í pọ̀. Èyí tó wà níta fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 jù ú lọ. Bí ọ̀nà bá ti ṣí díẹ̀, á ya wọlé, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ pé àlejò dé, á sì tún gbọ́n ọn jáde.

Ọmọ wo ló dàgbà sí Ẹ̀sà-Òkè, tàbí níbikíbi nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí kò tíì fọwọ́ kan patanmọ́ lẹ́bàá ọ̀nà oko rí? Ewé wẹ́wẹ́ á máa pa dé ní méjì-méjì láti ibi tí ọwọ́ ti kàn án. Lọ́dún 2022, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Masatsugu Toyota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tún patanmọ́ ṣe débi pé ibi tí kálísíọ́ọ̀mù bá ti ru sókè á máa tàn. Oríkèé ewé ló ń kọ́kọ́ tàn, kí ewé tó pa dé. Wọ́n sọ àwọn kan di èyí tí kò lè pa ewé dé mọ́, wọ́n sì da tata sí wọn. Tata jẹ ìwọ̀nyí ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré yẹn, ààbò gidi ni.

Ti ẹ̀wà ló jọ mí lójú jù, torí ọ̀rẹ́ ló fi kálísíọ́ọ̀mù gbà. Fa ẹ̀wà kan tu, wàá rí kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ bá pupa nígbà tí o là á, ó ń ṣiṣẹ́: bakitéríà inú rẹ̀ ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á tú èròjà kan sílẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti mọ̀ ọ́n lára, kálísíọ́ọ̀mù á máa lọ sókè sódò lágbègbè kóró sẹ́ẹ̀lì, bí ìṣẹ́jú kan sí ìkejì. Àwọn onímọ̀ David Ehrhardt, Rebecca Wais àti Sharon Long ló kéde èyí lọ́dún 1996, láti ara álífálífà tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran. Àwọn ẹbí olú tó ń bá gbòǹgbò wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ilẹ̀ náà ń gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Gbòǹgbò kì í ṣílẹ̀kùn fún gbogbo bakitéríà. Irú sóyà tó ti Amẹ́ríkà wá kì í fi bẹ́ẹ̀ ta kókó nínú ilẹ̀ wa, nítorí bakitéríà tó mọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA n'Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, wá ń dà á pọ̀ mọ́ irú èyí tó ń gba bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà, títí wọ́n fi rí irúgbìn tí wọ́n ń pè ní TGx. Àgbẹ̀ lè gbìn ín láìra bakitéríà kankan sí i.