Koríko Ọba: Ìtàn tí Ọwọ́ fi lé Ọwọ́

Bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ògbàgì kọ ìtàn ilẹ̀ Àkókó, ogun ni yóò kọ́kọ́ kọ. Yóò kọ nípa àwọn ọmọ-ogun Tápà tí wọ́n ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, títí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi sá gun orí òkè. Yóò sì kọ pé ní ọdún 1897 ni ẹgbẹ́ oníṣòwò Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí kò ní ìbọn nínú. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ìtàn koríko ọba ni mo ń wí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì.

Koríko yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ìhà gúúsù Éṣíà ni ó ti wá, ní agbègbè Íńdíà àti Sri Lanka. Ní ọdún 1906 ni onímọ̀ ewéko kan, Otto Stapf, fún un ní orúkọ tí àwọn amòye fi ń pè é títí di òní, Cymbopogon citratus. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú òróró rẹ̀ ni citral, èyí tí ó wà nínú èèpo òróǹbó wẹ́wẹ́ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí òórùn wọn fi jọra.

Báwo ni ó ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Àdán a máa gbé èso ìrókò kiri; afẹ́fẹ́ a máa gbé òwú àràbà. Koríko ọba kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣọ̀wọ́n ni a fi ń rí òdòdó rẹ̀, a kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé irúgbìn rẹ̀. Bí ẹnìkan kò bá ya ọmọ lára ìdí rẹ̀ lọ gbìn sí ibòmíràn, ibi tí ó wà náà ni yóò wà. Nítorí náà, gbogbo ìdí koríko ọba tí ó wà ní Ògbàgì, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e débẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé yín, láti ọwọ́ dé ọwọ́, a ó la òkun kọjá dé Éṣíà, a kì yóò sì rí ibi tí okùn náà ti já.

Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú rin ìrìn àjò. Igi mìíràn ni tíì gidi. Koríko wa yá orúkọ náà lò ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará etí òkun Fujian ní ilẹ̀ Ṣáínà ni tíì: àwọn ọlọ́kọ̀ Họ́láńdì gbé e dé Yúróòpù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Haúsá tí ń ṣòwò ní Ìkàrẹ́, ṣáàyì ni. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà ni èyí náà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá kí ó tó la aṣálẹ̀ wá. Báyìí ni ọ̀nà òkun àti ọ̀nà aṣálẹ̀ ṣe pàdé nínú ife kan ní Àkókó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó dúró títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Kí ó fi ọkọ́ wú ìdí tí ó ti gbó, kí ó ya àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò, kí ó sì gé ewé wọn kúrú kí oòrùn má baà fa omi inú wọn tán. Ibi tí oòrùn ń ràn, tí omi kì í dúró sí, ni kí ó gbìn wọ́n sí, kí ẹsẹ̀ bàtà 2 wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá ti di igbó dáadáa, kí ó máa gé ewé wọn ní ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀, kí ó má fà wọ́n tu. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tún ìdí náà wú, kí ó tún un yà, kí ó sì fún aládùúgbò nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ olókè bí tiwa, bí a bá gbìn ín ní ìlà dábùú ibi tí ó da gẹ̀rẹ́, a máa dín agbára ọ̀gbàrá kù.

Níhìn-ín ni mo ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe. Ní ọdún kan, ara ọmọ mi gbóná. Mo se ewé tíì fún un, ó làágùn, ara rẹ̀ rọlẹ̀, mo sì yọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, gìrì mú un. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé a gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn onísègùn kí ó tó pẹ́ jù. Koríko náà kò ṣẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1897 kan náà tí Bídà ṣubú, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Omi gbígbóná tí ó ń ta sánsán lè tu ènìyàn lára, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e láti pa kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbìn ín yí ilé ká kò lè gba ipò àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ mu ún fún adùn rẹ̀. Bí ibà bá dé, ẹ tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì yín pé: ta ni ó fún ìyá yín ní ìdí koríko ọba àkọ́kọ́? Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ bi òun náà léèrè ẹni tí ó fún un. Ogun a máa pariwo, nítorí náà ni a ṣe ń rántí rẹ̀. Ẹbùn a máa dákẹ́. Nígbà tí mo bi ìyá mi léèrè nípa tiwọn, wọ́n ní ìyàwó olùkọ́ kan ni ó fún àwọn, ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò. Wọ́n rántí òjò náà, ṣùgbọ́n wọn kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.