Ọjọ́ Orí tí Òfin Fi Ń Dáàbò Bo Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí àwa Yorùbá máa ń sọ láàárín agbo, ṣùgbọ́n ọmọ ni gbogbo wa ń tọ́. Ó jẹ mọ́ òfin tó sọ iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ pé kí ó tó lè gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun sùn.

Òfin yìí kò ṣàdédé dé. Ní 1880, ọmọ ọdún 10 péré ni ààlà òfin Texas níbí. Ti Delaware tilẹ̀ jẹ́ ọdún 7. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 13 ni. Ní 1885, W. T. Stead, olóòtú ìwé ìròyìn kan ní London, fi pọ́n-ùn 5 ra ọmọbìnrin ọlọ́dún 13 kan, kí ó lè fi han aráyé bí ó ti rọrùn tó láti ra ọmọ tálákà fún iṣẹ́ aṣẹ́wó. Ìlú dàrú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn aṣòfin sún ààlà náà sí ọdún 16. Stead fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, nítorí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá ọmọ náà. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, tí Frances Willard wà níwájú wọn, gbé ìjà náà dé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di 1920, Texas ti dé ọdún 18. Lónìí, ọdún 17 ni.

Nílé ńkọ́? Ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà ní kí wọ́n pe ẹjọ́ irú èyí láàárín oṣù méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ ti bọ́. Ní oṣù méjì, ọmọ lè má tí ì rí ẹnu sọ ọ́! Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, tí Èkó gbà wọlé ní 2007, wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 sùn ti fipá bá a lò, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà gbà.

Kí ló dé tí òfin kò ka gbígbà ọmọ sí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tí à ń ṣe, báǹkì kì í gbà kí ọmọ ọdún 14 dá fọwọ́ sí ìwé gbèsè. Báwo ni yóò ṣe wá fọwọ́ sí ohun tó ju gbèsè lọ? Àwa la kọ́ ọmọ wa pé kí ó kúnlẹ̀, kí ó má ja àgbà níyàn. Ẹ̀kọ́ rere yìí gan-an ni ẹni ibi fi ń mú un, yálà ẹ̀gbọ́n nínú ẹbí ni o, tàbí olùkọ́, tàbí àlejò tí a gbà sílé. Òfin mọ èyí. Ó sọ ẹrù náà kúrò lórí ọmọ, ó gbé e ru àgbà.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ìpàdé ẹbí parí. Òfin Texas pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fura pé wọ́n ń ba ọmọ jẹ́ pé kí ó fi tó ìjọba létí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, pé ọ̀wọ̀ àgbà níbi tó mọ, àti pé bí wọ́n bá wá sọ, a ó gbà wọ́n gbọ́.