Fúnkẹ́ Opeke

Onímọ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ọmọ Ilé-Olújìí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó dá ilé-iṣẹ́ MainOne sílẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Ilé-Ifẹ̀, ó gba oyè kejì ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon níbẹ̀, kó tó padà wálé sí ilé-iṣẹ́ MTN ní 2005.

Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà wọ́n bí ojú, ó sì ń fà. Ní 2010, wáyà MainOne gba abẹ́ òkun láti Portugal dé Èkó, nǹkan bí 7,000 kìlómítà, ó sì yà ní Accra. Okùn gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú okùn náà gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Opeke kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú wáyà bẹ́ẹ̀ láyé; bó ṣe rí owó rẹ̀ kó jọ lọ́wọ́ àwọn báńkì Áfíríkà gan-an ni àrà tó dá. Etíkun ni wáyà ọ̀hún mọ. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé àwọn ìlú tó jìnnà sí òkun bí Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ó di ọwọ́ wáyà orí ilẹ̀ àti òpó tẹlifóònù. Ilé-iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní 2022, ní 320 mílíọ̀nù dọ́là.