Ta Ló Di Àpò Ìlú Mú? Ìtàn Owó, Omi àti Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Abẹ́òkúta

Aránṣọ ni George William Johnson kó tó di akọ̀wé ìjọba. Sàró ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Freetown padà wá sílẹ̀ baba wọn. Ní ọdún 1865, òun àti àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi Baṣọ̀run Ṣómóyè ṣe olórí rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Egba United Board of Management. Owó ni ìgbìmọ̀ yìí kọ́kọ́ gbájú mọ́.

Kí wọ́n tó dé, kò sí ohun tó ń jẹ́ àpò kan ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú tí ogun fọ́ ló kóra jọ sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, oníkálukú sì wá tòun tàwọn ògbóni rẹ̀, ológun rẹ̀ àti pàràkòyí rẹ̀, ìyẹn àwọn olóyè ọjà. Bodè ni owó ti ń wọlé. Ẹni tó ru epo tàbí èkùrọ́ lọ sí etí odò Ògùn, níbi tí ọkọ̀ ti ń kó ẹrù lọ sí Èkó, yóò bá oníbodè pàdé lọ́nà. Oníbodè a yẹ ẹrù wò, a kà á, a gba tirẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ń bọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó, a tún san. Olóyè tó ni bodè ló ni owó. Johnson fẹ́ kí gbogbo owó ẹrù tó ń jáde lọ sí Èkó máa wọ inú àpò kan, kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ṣe iṣẹ́ ìlú.

Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó bá ń gba owó bodè lórí ọjà tó ń lọ sí Èkó ti ní agbára lórí Èkó nìyẹn. Aáwọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí Ifọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nárì kúrò nílùú. Ṣómóyè kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ náà sì rọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi lágbára mọ́. Síbẹ̀, èmi ka Johnson sí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tó ṣì wà nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta títí dòní: ta ni yóò di àpò ìlú mú, ta ni yóò sì máa rí inú rẹ̀?

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tún gbìyànjú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 1893 pé Ẹ̀gbá dá dúró, nígbà tó sì di 1898, Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọba Ẹ̀gbá, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ nípa ìjọba yìí ju bó ti mọ̀ lọ. Ó ní ilé ìṣúra, ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá, àwọn tó ń ṣe títì, àwọn tó ń rí sí ìlera, ó sì ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ tó ń tẹ ìwé ìròyìn ìjọba. Àwọn akọ̀wé tó kàwé, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá àti Sàró, ni wọ́n gbà síṣẹ́. Adégbóyèga Ẹ̀dun, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga Mẹ́tọ́díìsì fún ọmọkùnrin ní Èkó, di akọ̀wé ìjọba ní 1902. Òun ló tẹ̀ lé Aláké lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, nígbà tí Gbádébọ̀ lọ kí Ọba Edward Keje.

Owó bodè náà ló gbé ìjọba yìí ró. Òun ni wọ́n fi ń san owó oṣù, òun ni wọ́n fi ń la títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ délẹ̀, owó bodè kò tó. Páìpù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àgbá ńlá tí omi ń dúró sí, gbogbo rẹ̀ ni a ní láti rà lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnikẹ́ni tó mu ife omi kan. Nítorí náà ni Ẹ̀gbá ṣe yá owó lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní ààfin Aké fẹ́ ta òmìnira fún omi. Omi dára, ìlú sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ẹni tó yáni lówó ti ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé owó wa, nígbà tí àgbẹ̀ tó ń san owó bodè kò ní in.

Inú ń bí àwọn ará ìlú bọ̀ lábẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ títì tí wọ́n ń fi ipá mú wọn ṣe láìsanwó ti sú wọn. Ní 1914, wọ́n mú Pọ́nládé, ará Ìjemọ̀, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, nítorí ọ̀ràn iṣẹ́ títì yìí, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjemọ̀ ní àfi kí Ẹ̀dun kúrò nípò akọ̀wé ìjọba. Ìjọba ránṣẹ́ pe sójà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, sójà yìnbọn sí wọn, Olúwo Ìjemọ̀ sì wà lára àwọn tó kú. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba òmìnira Ẹ̀gbá lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà nígbà náà, kò fẹ́ owó bodè. Owó-orí ló fẹ́, ó sì mú un dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní oṣù Kìíní ọdún 1918. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà, ogun ti bẹ́: Ogun Àdùbí. Aráàlú hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n kó wá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì bá a lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tó jókòó lẹ́yìn ogun náà gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn lórí owó-orí, lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti lórí owó ìtanràn tí àwọn wọléwọlé ń bù fún ènìyàn. Síbẹ̀, owó-orí náà kò kúrò. Aláké sì di aláṣẹ kan ṣoṣo lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Obìnrin pẹ̀lú ń san owó-orí tiwọn lọ́tọ̀ ní Abẹ́òkúta, ohun tí kò wọ́pọ̀ níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ ìwé nìyẹn, sílè méjì àti sísì lọ́dún. Àwọn agbówó-orí ń wọ ilé onílé, wọ́n ń dá ọmọ tó ń kiri ọjà dúró lójú ọ̀nà. Bí ìyá bá ní ọmọ òun kò tíì pé ọdún náà, wọ́n a bọ́ṣọ lára ọmọ láti wo àyà rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ètò ìṣúná jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán, kó rántí ọmọ yẹn.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ló kojú rẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ nípa orin tí wọ́n kọ síwájú ààfin Aké ní ìparí ọdún 1947, tí ó ju 10,000 obìnrin lọ. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ohun tí wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n mú owó-orí kúrò lọ́rùn obìnrin, kí wọ́n gbé e lé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nílùú. Wọ́n ní kí wọ́n ná owó sórí ọkọ̀, ìmọ́tótó àti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí aláṣẹ kan ṣoṣo parí, kí obìnrin sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Ibi tí owó yóò ti wá, ibi tí yóò lọ, ẹni tí yóò ṣọ́ ọ: ètò ìṣúná gan-an nìyẹn, àwọn ìyá ọjà tí púpọ̀ nínú wọn kò kàwé ló sì kọ ọ́. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, Aláké ìgbà náà, Ọba Adémọ́lá Kejì, kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo ní oṣù Keje ọdún 1948, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tuntun sílẹ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1950 ni ọba tó padà dé.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọdún 1952, mú káńsù tí aráàlú dìbò yàn wá. Awólọ́wọ̀ ló ń bójú tó ẹ̀ka náà. Ṣùgbọ́n bí ìbò ti ń wọlé ni nǹkan mìíràn ń jáde. Àjọ iná mọ̀nàmọ́ná Nàìjíríà, ECN, tí òfin ọdún 1950 dá sílẹ̀, kó ilé-iṣẹ́ iná àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ tìjọba àpapọ̀. Ní 1972 ó di NEPA. Omi náà di ti ìpínlẹ̀. Ohun tí Ẹ̀gbá torí rẹ̀ jẹ gbèsè kò sí lọ́wọ́ káńsù mọ́.

Rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣe ní 1968 sí 1969, tún fi hàn pé owó-orí láìsí iṣẹ́ ìlú yóò dá ogun sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtúntò ọdún 1976 dé, ìjọba ológun sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti yí padà jùlọ. Nígbà tí owó ń ti bodè àti ọjà wá, aráàlú mọ̀ pé owó òun ni, ó sì ń jà fún un. Nígbà tí owó di èyí tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ìjà náà dákẹ́.

Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Àríwá àti Gúúsù, ló pín ìlú Abẹ́òkúta láàárín ara wọn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, pípalẹ̀ ìdọ̀tí, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé sábẹ́ wọn, títí dórí ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi. Alága káńsù ni aráàlú ń bú bí ìdọ̀tí bá kún ojú àgbàrá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gba àwọn òṣìṣẹ́ àgbà rẹ̀ síṣẹ́: àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gba àwọn tó wà ní ipele keje sókè, òun ló ń gbé wọn kiri, òun ló ń bá wọn wí. Àwọn gbálẹ̀gbálẹ̀ àti òjíṣẹ́ kéékèèké nìkan ló kù sọ́wọ́ káńsù. Akápò tó ń tọ́jú owó káńsù lè gba ìwé lọ́jọ́ Ajé pé kó máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Owó pẹ̀lú kọ́kọ́ ń wọ àpò àjọni tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì a sì ti jáde níbẹ̀ kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ káńsù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó máa lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774, kí gómìnà má sì di í mú. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti ọwọ́ gómìnà kúrò, tó bọ́ sọ́wọ́ alága, tí ìyá aláṣọ ní ọjà Ìtòkú kò sì lè sọ iye tó wọlé, ẹni tó di àpò mú nìkan ló yí padà.

Ìyá yẹn ń gba rìsíìtì káńsù lórí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù yín, kí ẹ béèrè ètò ìṣúná ọdún yìí, iye tó wọlé àti iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún. Òfin òmìnira láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe, ti ọdún 2011, fún yín ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ ní 2025 pé kò sí ìjọba kan tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn.