Kálórì Inú Ìkòkò Ọbẹ̀

Ní Snake Island, erékùṣù tí kò jìnnà sí Àpápá ní Èkó, ẹja ni àwọn apẹja fi ń se ọbẹ̀. Ojú ni alásè fi ń wọn epo, ọwọ́ ni ó sì fi ń wọn iyọ̀. Ìwọ̀n ojú yìí ni ó ti ń da àwọn onímọ̀ oúnjẹ láàmú láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ ka agbára tí ó wà nínú ọbẹ̀ ilẹ̀ wa.

Kálórì kò ti ilé ìdáná wá. Nicolas Clément, ará Faransé, ni ó lò ó ní nǹkan bí 1824 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ooru. Wilbur Atwater ní Amẹ́ríkà ni ó wá fi wọn oúnjẹ. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí i pé gíráàmù ọ̀rá kan ń mú kálórì bí 9 wá, ti ẹran tàbí ẹ̀wà tí ń mú ara dàgbà àti ti oúnjẹ oníyẹ̀fun sì ń mú bí 4 wá. Ní 1896 ni òun àti Woods tẹ àkójọ ìwọ̀n oúnjẹ Amẹ́ríkà jáde.

Ilẹ̀ wa kò tètè ní tirẹ̀. B. S. Platt ní Ìlú Ọba ṣe àkójọ kan fún àwọn ilẹ̀ olóoru, èyí tí a tún ṣe ní 1962. Ní 1968 ni ìwé V. A. Oyenuga ti Yunifásítì Ìbàdàn, Nigeria's Foods and Feeding-Stuffs, jáde, ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn Àgbáyé sì gbé àkójọ tirẹ̀ fún Áfíríkà jáde. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n èròjà ni wọ́n wọ̀n jù, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wọn ọbẹ̀ tí ó ti jinná. Ta ni ó sì ń jẹ èròjà?

Ṣíbí epo pupa kan ní bí 120 kálórì, bẹ́ẹ̀ ni ilá tí ó tó 300 gíráàmù kò ju bí 100 lọ. Bí ẹni mẹ́jọ bá jẹ ìkòkò tí a da epo 200 gíráàmù sí, epo nìkan ti mú 1,800 wá, 225 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a tó ka ẹja tàbí ẹ̀gúsí. Síbẹ̀, òkèlè ni aláìsàn àtọ̀gbẹ tí a ní kí ó dín oúnjẹ kù sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹja náà kì í dọ́gba: èyí tí a yan títí omi fi gbẹ lára rẹ̀ ju ẹja tútù tí ìwọ̀n wọn jọ jẹ́ ọ̀kan lọ fíìfíì.

Ti omi ẹran yàtọ̀. Omi fúnra rẹ̀ kò ní kálórì. Ọ̀rá tí ó bọ́ lára ẹran ni ó ń gbé púpọ̀ rẹ̀ wá, bí ó bá sì tutù, ọ̀rá náà yóò dì lójú rẹ̀, a ó sì lè fi ṣíbí kó o kúrò. Ẹni tí ó bá ka ẹran ní tútù, tí ó tún ka omi rẹ̀ lọ́tọ̀, ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àkójọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti 2019 ti fi àwọn oúnjẹ sísè kún un, pẹ̀lú ìṣirò ohun tí iná mú kúrò. Epo inú ìwé kì í kúkú ṣe epo ilé ẹnì kan pàtó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ti ilé tirẹ̀ yóò wọn ìgò epo kí ó tó dà á àti lẹ́yìn tí ó ti dà á, yóò wọn gbogbo èròjà yòókù, yóò ṣírò kálórì wọn, yóò sì wọn ìkòkò lófìfo àti nígbà tí ọbẹ̀ bá jinná, kí ó tó bu tirẹ̀ sínú àwo, tí òun náà yóò wọ̀n.