Àsíá, Owó Oṣù àti Awakọ̀: Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Nàìjíríà àti Ìdíje Láti Òkèèrè, 1979 sí 2024

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń gbé Kaduna mọ Mando dáadáa. Ibùdókọ̀ ńlá wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni a sì ń gbà lọ sí pápákọ̀ òfurufú ìlú yìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ti pápákọ̀ òfurufú Abuja pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n lè tún ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ṣe. Kaduna ni wọ́n darí àwọn bàálù sí. Èrò tó ń lọ sí Abuja yóò sọ̀kalẹ̀ níbí, yóò wọ bọ́ọ̀sì, tàbí kí ó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa. Ìjọba rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n fara mọ́ ètò yìí. British Airways kọ̀, Lufthansa kọ̀, Air France náà kọ̀. Ethiopian Airlines nìkan ló gbà láti máa bọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí Abuja padà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, bàálù tiwọn ló kọ́kọ́ balẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ará Kaduna yìn wọ́n, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyìn náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Hadi Sirika, mínísítà ètò ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, kéde pé Ethiopian Airlines yìí kan náà ni yóò ní ìpín 49 nínú 100 nínú Nigeria Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba fẹ́ dá sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ ìṣòro wá di olùdíje nínú ilé. Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú iṣẹ́ yìí ni pé: bí ìdíje bá ti òkèèrè wọlé báyìí, kí ni àwọn awakọ̀ òfurufú máa ń ṣe sí i? Kí ló dé tí ohùn wọn ń ròkè níbòmíràn, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ tiwa?

Ìjà àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà

A ó kọ́kọ́ dé òkè òkun, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà hàn kedere níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Norwegian, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré púpọ̀, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Ireland. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ẹ̀ka yìí kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà fún àṣẹ láti máa fò wá sí ilẹ̀ náà. ALPA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, gbógun tì í. Kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú ni wọ́n ní àwọn ń bá jà. Wọ́n ní àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà wà ní Norway, ìwé rẹ̀ wà ní Ireland, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tó ń fò ọ̀nà jíjìn fi Bangkok ṣe ibùdó, ọ̀dọ̀ alágbàṣe ní Singapore sì ni ìwé iṣẹ́ wọn ti ń wá. Wọ́n béèrè pé òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wo ló wá ń dáàbò bo irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò gbọdọ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí bí àjèjì. Láti ọdún 1948 ni Liberia ti ń forúkọ ọkọ̀ ojú omi àwọn àjèjì sílẹ̀. Ọkọ̀ tí kò dé Monrovia rí lè máa ta àsíá Liberia kiri ayé, nítorí pé owó orí rẹ̀ kéré, olówó ọkọ̀ sì lè gba òṣìṣẹ́ láti ibi tó bá wù ú. Ohun tí àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rù ni pé kí àṣà orí omi yìí má gun òkè dé ojú ọ̀run.

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn aṣòfin, wọ́n ṣe ìwọ́de. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àṣẹ náà fi dúró, kí ìjọba tó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ẹgbẹ́ náà gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ náà nù ní 2018. Gbèsè àti àrùn kòrónà ló padà mú Norwegian pa iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn tì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó lè dá ìwé ìjọba dúró fún ọdún mẹ́ta kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Owó oṣù tó ń wọlé déédéé àti ilé-iṣẹ́ tó dúró ló gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ ró.

Nílé: ọ̀dà ara bàálù àti lẹ́tà ìdí rẹ̀

Nàìjíríà ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. WAAC Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ó di Nigeria Airways ní 1971. Láti 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú ti wà ní Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna tiwa níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1979, ìjọba ti gbé àkóso ilé-iṣẹ́ náà lé KLM, àwọn Òyìnbó Netherlands, lọ́wọ́ fún ọdún méjì. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, gbèsè ń ga, bàálù ń dín kù, títí ìjọba fi pa á rẹ́ ní 2003. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, awakọ̀ àti ẹnjiníà pẹ̀lú, kò rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san ìdajì ẹ̀tọ́ náà, ọdún 15 lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ti kú kí owó tó dé. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ bí owó tí wọ́n jẹ ni sílẹ̀ ṣe máa ń rẹ ohùn ènìyàn sílẹ̀.

Lójú tiwa, ibí yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Nigeria Airways ni ilé tí agbára àwọn awakọ̀ wa ìbá ti gbó dáadáa. Nígbà tí ilé wó, NAAPE, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ẹnjiníà bàálù, wá ń lọ láti ilé-iṣẹ́ aládàáni kan sí òmíràn, ó ń béèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń sin gbèsè nínú ilé kò ráyè bá ará ìta jà.

Ìgbà náà ni àjèjì ń wọlé ní onírúurú aṣọ. Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí London ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Virgin Atlantic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní ìpín 49 nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2009 wọ́n pa ọ̀nà jíjìn tì. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kógbá sílé ní 2012. Kí ẹ kíyè sí i pé ìpín 49 yìí náà ni wọ́n tún fẹ́ fún Ethiopian ní 2022. Ìpín tó kù ni yóò fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ló ni ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó ní bàálù, tó sì ní awakọ̀ ni yóò máa pàṣẹ.

Ti Arik Air tún yàtọ̀. Ọmọ Nàìjíríà ló ni ín. Síbẹ̀, bàálù ńlá A340 tó fi ń lọ sí London àti New York, awakọ̀ Hi Fly ti ilẹ̀ Pọtogí ló ń wà á. Orúkọ Arik ni wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sí ara bàálù náà. Ẹni tó bá wo ìdí rẹ̀ yóò rí lẹ́tà CS, tí í ṣe ti Pọtogí, dípò 5N tí í ṣe ti Nàìjíríà. Lẹ́tà wọ̀nyí ló ń sọ orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ de bàálù. Ọ̀dà wà fún ojú èrò. Ẹ̀dùn NAAPE ọjọ́ pípẹ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ jókòó sílé, àjèjì sì ń fò nínú ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ wa.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìjọba Buhari parí, bàálù kan tí wọ́n kun ní ọ̀dà Nigeria Air balẹ̀ sí Abuja. Àwọn ènìyàn yẹ ìdí rẹ̀ wò: ET, ti Ethiopia, ló wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà síbi tó ti wá.

Ta ló pe ẹjọ́, ta ni òfin dè?

Ẹjọ́ tó dá Nigeria Air dúró kì í ṣe ti awakọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló pè é ní 2022, pẹ̀lú Azman, Air Peace, Max Air àti àwọn mìíràn. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé àdéhùn náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ ló ṣáájú ìjà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gá ló ṣáájú. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré, nítorí pé ohun tí ọ̀gá ń gbèjà ni ọjà rẹ̀, èyí sì lè yàtọ̀ sí owó oṣù awakọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, Air Peace dá awakọ̀ tó lé ní 70 dúró. NAAPE fẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀hónú náà kò dá wọn padà lójú ẹsẹ̀.

Ní 2022 kan náà, Buhari fọwọ́ sí àwọn òfin tuntun fún ètò ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n pe iṣẹ́ inú rẹ̀ ní iṣẹ́ kòṣeémánìí, wọ́n sì fún mínísítà lágbára láti fòfin de ìyanṣẹ́lódì. NAAPE àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù pariwo lórí èyí ju bí wọ́n ti pariwo lórí Ethiopian lọ. A rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àjèjì lè wá kí ó sì lọ bí Norwegian ti lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí a ti gba ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, ìbáà jẹ́ àjèjì tàbí ọmọ ilé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní London, owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà náà sì já wálẹ̀. Inú èrò dùn, inú tiwa náà dùn. Lójú àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà ni àjèjì olówó pọ́ọ́kú báyìí. Ìbéèrè tí ALPA bi Norwegian ní 2013 ti wá di èyí tí a lè bi ilé-iṣẹ́ tiwa: ta ló gba awakọ̀ yìí síṣẹ́, lábẹ́ òfin ibo, owó oṣù rẹ̀ sì dà? Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ wíwa bàálù ní Zaria ni yóò jẹ èrè ìdáhùn rẹ̀.